Ta Ló Kọ́ Yín Nípa Àwọn Tó Sá?

Lẹ́nu ìyá tó bí bàbá mi ni mo ti gbọ́ bí ìlú Kétu ṣe tú ní ọdún 1886. Kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ ni wọ́n sọ fún mi, ojú wọn ló ṣe. Wọn kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, torí pé kò sẹ́ni tó ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n rántí pé eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ni nígbà tí ogun Dàhómì wọ ìlú. Á jẹ́ pé ọmọ ọdún méje ni wọ́n, tàbí mẹ́jọ. Èmi náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Àwa tí a jókòó ti àwọn tí ogun yẹn lé, tí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn gan-an, a ò pọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ Yewa. Bí a bá lọ tán láìsọ, ohun tí ọba ṣe àti ohun tí ológun ṣe nìkan ni yóò kù nínú ìwé.

Ìmáṣàyí ni ilé wa, nítòsí Ayétòrò. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, láyé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kú sí kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ àwọn àṣà kan wà lọ́wọ́ wọn tí àwa ọmọdé kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn ní gbogbo ìgbà. Gàrí wà nínú rẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ìṣáná àti ọ̀bẹ kan náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ òfì kan tó ti gbó. Bí gàrí náà bá ti pẹ́, wọ́n á dà á fún wa jẹ, wọ́n á sì rọ tuntun sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kẹ́ náà, bó ti wù kí ebi pa ilé tó. Lálaalẹ́, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fọwọ́ kan orí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó sùn sórí ẹní. Bí ẹnì kan bá sùn sílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi láìsọ, wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á wá a lọ.

Wọn kò jẹ́ kí ọmọ sunkún lóru. Bí ìkókó bá figbe ta, wọ́n ti dé ibẹ̀ kí ìyá ọmọ tó la ojú. Bí ọdẹ bá sì kú ní ìlú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yin ṣakabùlà níbi òkú rẹ̀, Ìyá Àgbà á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á di òpó ilé mú, wọn kò sì ní sọ̀rọ̀ títí ìbọn á fi dákẹ́. Àwọn àgbà ilé mọ̀. Wọ́n á kàn rọra kó àwa ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwa ọmọ oko náà sì rí ilé ìwé lọ. Lọ́jọ́ kan tíṣà kọ́ wa ní ìtàn ogun Abẹ́òkúta. Ó ní ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, Gezo ọba Dàhómì kó ogun wá, tọkùnrin tobìnrin, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà lẹ́nu odi. Ó ní Glele ọmọ rẹ̀ tún gbìyànjú ní 1864, ojú tún tì í. Inú wa dùn gan-an. Mo délé, mo bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn láti òkè délẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan sí i. Wọ́n wá ní, "Ọkọ mi, àwọn tó ṣẹ́gun lẹ sọ yẹn. Ta ló kọ́ yín nípa àwọn tó sá?"

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í jókòó tì mí pé àwọn fẹ́ pa ìtàn. Ìgbà tí ọwọ́ wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí ojú wọn kò sí lára mi.

Kí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa lè lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àárín agbára méjì ni àwọn ìlú wa há sí láyé ìgbà náà. Lápá ìlà-oòrùn, àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, wọ́n sì ń wá ọ̀nà dé Àgbádárìgì àti etí òkun. Ọ̀nà náà gba àárín wa kọjá, ìlú púpọ̀ sì fojú winá rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lápá ìwọ̀-oòrùn, Dàhómì ń wá ènìyàn kó. Nígbà tí ọjà ẹrú orí òkun ń kú lọ, ọba Dàhómì ṣì nílò ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ rẹ̀, kí epo lè pọ̀ láti tà fún Òyìnbó. Ó sì nílò àwọn tí wọ́n máa ń pa lọ́dọọdún níbi ètùtù àwọn ọba tó ti wàjà. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí ọ̀nà gbẹ, àyà gbogbo ènìyàn á máa já. Dàhómì pa Òkè-Ọ̀dàn run ní 1848. Wọ́n pa Ìṣàgá run ní 1862. Àwọn ìletò tí wọ́n tú tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kò lóǹkà. Ẹni tó bá rìn nínú igbó wa títí di òní á máa kọsẹ̀ lára àpáàdì níbi tí kò sí ilé.

Kétu tóbi ju ìwọ̀nyẹn lọ. Ọ̀kan lára àwọn ìlú aládé tí ó tọ́pa orísun wọn dé Ilé-Ifẹ̀ ni, ibẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ti gbilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Odi ńlá yí i ká, yàrà jíjìn yí odi náà ká, ẹnubodè rẹ̀ tó ń jẹ́ Àkàbà Ìdéna sì gbajúmọ̀ káàkiri. Ìyá Àgbà sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé kò sí ogun tó lè gba Ìdéna wọlé.

Ní 1883 ogun wọlé. Àwọn jagunjagun Kétu kò sí nílé, wọ́n ti lọ sójú ogun ibòmíràn. Dàhómì jó ilé, wọ́n kó ènìyàn, ogun yẹn ló sì pa Alákétu Òjékú. Bàbá Ìyá Àgbà wà lára àwọn tó kú. Èyí tí wọ́n rántí nínú tiwọn ni òórùn koríko òrùlé tó ń jó, àti pé ìyá wọn ò sunkún lójú àwọn. Àwọn tó ṣẹ́kù tún ilé kọ́, wọ́n fi ọba mìíràn jẹ, wọ́n tún gbin iṣu. Wọ́n rò pé ó tán.

Ọdún kẹta, ogun padà dé, lọ́tẹ̀ yìí kò wá kó ènìyàn kó sì máa lọ. Ó jókòó yí ìlú ká. Kò sẹ́ni tó lè dé oko mọ́. Ìyá Àgbà ní ewúrẹ́ kọ́kọ́ tán, adìyẹ tán, àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi ṣe irúgbìn tán, ó wá ku awọ tí àwọn ènìyàn ń sùn lé, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n sè é jẹ. Nígbà tí ebi mú gbogbo ìlú, ni wọ́n bá gbọ́ pé Dàhómì fẹ́ kí àwọn jọ sọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Àwọn olórí jáde lọ gbọ́ ọ. Ẹ̀tàn ni. Dàhómì mú wọn, ìlú kò ní olórí ogun mọ́, ogun wá wọlé wẹ́rẹ́.

Ohun tí mo máa kọ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà sọ ọ́. Ìyá wọn pọn àbúrò wọn ọkùnrin, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún mú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, wọ́n fi ọwọ́ òsì mú àwọn. Ènìyàn pọ̀ lójú ọ̀nà bí ọjọ́ ọjà, gbogbo wọn ń sá, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ń sá lọ. Ẹnì kan ṣubú lu Ìyá Àgbà, ọwọ́ wọn sì bọ́ lọ́wọ́ ìyá wọn. Wọ́n dìde, wọ́n wò ó, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ní àwọn rí ọ̀já tí wọ́n fi pọn àbúrò àwọn fìrí, aláró ni, lẹ́yìn náà àwọn ò rí i mọ́. Títí ayé, Ìyá Àgbà kò lo ọ̀já aláró, wọn kò sì jẹ́ kí ìyàwó ilé kankan fi í pọn ọmọ lójú wọn.

Ìyá arúgbó kan ló fà wọ́n wọ inú yàrà. Kì í ṣe ẹbí wọn, wọn kò rí i rí. Ẹ̀gún ló kún inú yàrà náà, ọ̀kan wọ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, àpá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí mo máa ń fọwọ́ kàn án. Ìyá náà bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó sọ sí wọn létí pé, "Má sunkún. Bí o bá sunkún, àwa méjèèjì kú nìyẹn." Wọ́n wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n gbọ́ bí àwọn ọmọ ogun ti ń so àwọn ènìyàn mọ́ra wọn. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn obìnrin ológun Dàhómì lókè orí wọn. Wọn kò sunkún.

Òru ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀sán ni wọ́n fi ń sùn. Gbogbo abà tí wọ́n bá kàn lọ́nà ti di ahoro. Iṣu tó kù sínú ebè olóko tó ti sá ni wọ́n ń wú, tútù ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́, torí pé èéfín iná á tú wọn fó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti fẹnu kan iṣu tútù rí mọ bó ṣe ń yún ni lọ́nà ọ̀fun. Ìyá Àgbà ní bí ó bá ti ń yún àwọn tí àwọn fẹ́ wúkọ́, ìyá náà á fi etí aṣọ rẹ̀ dí àwọn lẹ́nu. Wọn kò mọ iye ọjọ́ tí wọ́n lò. Wọ́n ṣáà rìn títí wọ́n fi rí Odò Ògùn, wọ́n sọdá, wọ́n gba ẹnubodè Àrọ̀ wọ Abẹ́òkúta.

Ẹ wo ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà kò mọ orúkọ obìnrin náà. Ọmọdé kì í bi àgbà lórúkọ, "Ìyá" ni wọ́n ń pè é. Àárẹ̀ tó mú un lọ́nà kò fi í sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n dé tó fi kú sílé ẹni tó gbà wọ́n sílé. Ìdílé wa tó wà láyé lónìí, tọmọ tọmọ-ọmọ, ọwọ́ obìnrin yìí ni ó ti jáde wá, a ò sì lè fi orúkọ gbàdúrà fún un.

Ní Abẹ́òkúta, wọn kì í ṣe ẹrú, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ilé. Wọ́n ń ponmi, wọ́n ń ran òwú, wọ́n ń bá àwọn aláró gbé ìkòkò. Ẹni tó gbà wọ́n kò lù wọ́n, wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní búburú fún mi rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé máa ń sín ohùn Kétu wọn jẹ, títí wọ́n fi kọ́ èdè Ẹ̀gbá dójú àmì. Ohun tí wọ́n ń ṣe lóru ni pé wọ́n á yí ojú sí ògiri, wọ́n á máa ka oríkì orílẹ̀ ìdílé wọn lábẹ́lẹ̀, bí ìyá wọn ṣe máa ń kì wọ́n láàárọ̀, kí ó má bàa sọnù lẹ́nu wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá fo ìlà kan, àwọn á tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kò sí ìwé, kò sí àwòrán, kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá tó lè jẹ́rìí ẹni tí wọ́n jẹ́. Oríkì yẹn nìkan ni wọ́n ní.

Òun náà ló sì yọ wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, Ọ̀gágun Dodds kó àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhómì, ọba Behanzin sì sá wọ igbó kó tó wá juwọ́ sílẹ̀ ní 1894. Àwọn tí wọ́n kó ní Kétu tí wọ́n ṣì wà láàyè gba ìdásílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà, wọ́n ṣán igbó kúrò lórí ahoro, wọ́n fi Alákétu Onyegẹn jẹ ọba. Ìròyìn dé Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin Kétu ń wá sí ọjà, wọ́n ń wá ọmọ, wọ́n ń wá àbúrò. Ìyá Àgbà ti di ọmọge nígbà náà. Wọ́n dúró níwájú ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà, wọ́n ka oríkì wọn fún un. Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó parí èyí tó kù.

Ẹ̀gbọ́n wọn wà láàyè. Oko ọ̀pẹ ọba ní Àgbómẹ̀ ni wọ́n ti mú un sìn. Ó padà sí Kétu pẹ̀lú ọmọ tó bí fún ọkùnrin Dàhómì kan, èdè Fọ̀n sì ti dára lẹ́nu rẹ̀ ju èdè Kétu lọ. Ìyá wọn àti àbúrò wọn, a ò gbúròó wọn mọ́ títí di òní olónìí.

Ènìyàn á rò pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò á wá máa gbé pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, kí ẹ̀gbọ́n wọn tó kúrò lóko ẹrú pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jókòó sí Yúróòpù, wọ́n ti fa ìlà gba àárín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ayétòrò, Ìlaròó àti àwa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ìmáṣàyí kan tó ń ná ọjà Abẹ́òkúta fẹ́ Ìyá Àgbà, òun ni bàbá bàbá mi, ìdílé tirẹ̀ náà sì ti sá kiri nítorí ogun kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe wà ní ìhà méjì ààlà, tí wọ́n ń fi àárò bá ara wọn gbé.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé ní 1914, Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe sójà, wọ́n sì ń fi tipátipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, gbé ìjà kò wọ́n. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde lóru, wọ́n sọdá sí ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, èyí tí ará Dàhómì bí, wà lára àwọn tó sá wá. Ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà ló kàn. Àwọn ará ilé kan kùn pé ọmọ ta ni, ṣé kì í ṣe ọmọ àwọn tó pa wá run ni? Bàbá mi sọ fún mi pé Ìyá Àgbà kò bá wọn jiyàn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá tiwọn, wọ́n bu oúnjẹ fún un, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n mú un lọ sóko, wọ́n sì la ilẹ̀ fún un. Ó dá oko lórí rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Èmi náà pè é ní bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gùn nígbà tí n kò tíì lè rin ọ̀nà oko.

Nígbà tí mo fi tó ọmọ tó lè gbẹ́rù, mo bá Ìyá Àgbà lọ sí Kétu. Ọkọ̀ gbé wa dé ibi tó lè dé, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, àwọn aṣọ́bodè tú ọ̀kẹ́ wa, wọ́n rí gàrí àti iyọ̀, wọ́n ní kí a máa lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ọrùn ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ó fọwọ́ kan àpá ẹ̀gún náà, ó wá ní, "Wọlé." Ọjọ́ kejì wọ́n mú mi lọ sí ìdí odi. Koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ń jẹ̀ nínú yàrà. Ìyá Àgbà wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n tọ́ka sí ibì kan, wọ́n ní, "Ibí ni." Lẹ́yìn náà wọ́n ní ebi ń pa àwọn, a sì padà sílé lọ jẹun.

Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ń ka ìwé, mo ka ti àwọn ará Àméníà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin ọdún 1915, ìjọba Túkì kó àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn aṣáájú wọn ní Constantinople. Lẹ́yìn náà wọ́n lé àwọn obìnrin àti ọmọdé wọn ní ẹsẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀ Síríà, títí dé Deir ez-Zor. Àwọn òpìtàn tó pọ̀ gbà pé àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ òrukàn tó ṣẹ́kù kún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá ní Aleppo àti Beirut. N kò sọ pé ogun méjèèjì dọ́gba. Ní Túkì, wọ́n fẹ́ kí ìran kan pa rẹ́. Ẹrú àti ìkógun ni Dàhómì ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìtàn ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà aṣálẹ̀, mo pa ìwé náà dé, n kò lè kà á mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo mọ ọmọ yẹn. Mo ti jẹ gàrí ọ̀kẹ́ rẹ̀.

Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé àwọn ará Àméníà kọ tiwọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ òrukàn náà dàgbà, wọ́n sọ orúkọ abúlé wọn, wọ́n sọ orúkọ ìyá wọn. Wọ́n kọ́ ibi ìrántí sí Yerevan ní 1967, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin ọdọọdún ni wọ́n sì ń kó òdòdó lọ síbẹ̀. Láàárín tiwa náà, a rí ẹni tó kọ: Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ tí ogun kó ní Òṣogùn ní 1821, kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837 bí wọ́n ṣe mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àlejò ni òun náà jẹ́ ní Kétu ní 1853, nígbà tí ìlú náà ṣì dúró. Nítorí pé ó kọ ọ́, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ mélòó ló sá ní Kétu, ní Ìṣàgá, ní Òkè-Ọ̀dàn? Ta ló kọ tiwọn?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjà àwọn darandaran àti àwọn àgbẹ̀ gbóná ní apá ibí, tí wọ́n pa ènìyàn tí wọ́n sì jó ilé ní Agbọ́n-Òjòdù àti Asá, àwọn ìyá pọn ọmọ, wọ́n sá kọjá ààlà wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìhà ibi tí Ìyá Àgbà ti sá wá ni wọ́n sá lọ. Àwọn ará ibẹ̀ gbà wọ́n sílé. Àwọn ọmọ tó rin ìrìn yẹn ti ń dàgbà báyìí. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ti jókòó tì wọ́n, tó bi wọ́n pé kí ni ojú yín rí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, a ti kó ìtàn tiwa jọ nínú ilé wa. A ra ìwé kan, a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ogun pa, ẹni tí ogun kó, ẹni tó padà àti ẹni tí kò padà, dé ibi tí ìrántí wa lè dé. A bi àwọn ìbátan wa ní Kétu, wọ́n fi tiwọn kún un. Ọmọ-ọmọ ẹni tó sá wá ní 1914 náà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í mọ́ pé ọmọ ta ni. Ìyá tó bo Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀ nínú yàrà, òun la kọ ṣáájú gbogbo wọn. A ò ní orúkọ tí a lè kọ, nítorí náà a kọ ohun tó ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà nílé ní Ìmáṣàyí, ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlaròó, ẹ bi wọ́n. Ẹ má dúró de ìjọba, ẹ má sì dúró de òpìtàn. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ìdílé yín ti sá wá, ẹni tó gbà yín sílé, àti ẹni tí ọ̀nà gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan yín tó wà ní òdìkejì ààlà, torí pé ó ṣeé ṣe kí ibi tí tiyín dúró sí jẹ́ ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀.